Ìrísí Ohun àti Ìwà Ohun

Ọ̀rọ̀ tí mo ní láti sọ lóṣù yìí lè kọ́kọ́ dàbí ọ̀rọ̀ àwọn olùkọ́ nìkan, ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi sùúrù gbọ́ ọ dé ìdí, ẹ ó rí i pé ọ̀rọ̀ agbo-ilé yín ni. Ó jẹ mọ́ ẹ̀kọ́ kan tí a ń kọ́ gbogbo ọmọ ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tí a sì tún ń kọ́ wọn nígbà tí wọ́n bá dé ilé-ẹ̀kọ́ girama: pé ipò mẹ́ta ni a sábà máa ń bá àwọn ohun ayé yìí, yálà kí wọ́n le bí òkúta, tàbí kí wọ́n máa ṣàn bí omi, tàbí kí wọ́n rí bí afẹ́fẹ́ tí a kò lè fi ọwọ́ dì mú, àti pé ohun kọ̀ọ̀kan ní àmì tí a fi ń dá a mọ̀, àwọn kan tí a lè rí láì ba ohun náà jẹ́, àwọn kan tí a kò lè rí títí ohun náà yóò fi di ohun mìíràn.

Ẹ pe ọmọ ọdún 11 kan kí ẹ bi í léèrè lórí ẹ̀kọ́ yìí. Kíá ni yóò kà á fún yín ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, láì sinmi, bí ẹni ń ka orúkọ àwọn oṣù, pé ohunkóhun tí ó bá ní ìwúwo tí ó sì gba àyè ni a ń pè ní báyìí-báyìí. Ẹ tún bi í ní èdè Yorùbá pé, omi tí ìyá rẹ̀ gbé ka iná láàárọ̀, tí a kò bá nínú ìkòkò mọ́, níbo ni ó gbà lọ? Yóò dáhùn pé, "Ó ti gbẹ, bàbá." Bẹ́ẹ̀ ni gbígbẹ kì í ṣe ìlú kan tí omi ń lọ. Ọmọ náà kò gọ̀ o. Ẹ̀kọ́ tí a kọ́ ọ ni ó dúró sí ẹnu rẹ̀ tí kò wọ inú lọ, nítorí pé èdè tí a fi kọ́ ọ kì í ṣe èdè tí ó fi ń rí iná àti omi àti òrí. Olùkọ́ rẹ̀ pàápàá, bí a bá fẹ́ sọ òtítọ́, ọ̀nà kan náà ni ó gbà kọ́ ọ.

Ohun tí èmi ń fẹ́ kò ju ọ̀kan lọ: kí a fi èdè Yorùbá bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ yìí, kí a sì bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ilé ìdáná, ní ìdí ìkòkò aró, àti ní ilé àgbẹ̀dẹ, níbi tí ohun tí a ń sọ gbé ń ṣẹlẹ̀ lójú ọmọ. Ṣùgbọ́n kí a tó ṣe èyí, ó yẹ kí a tún àwọn ọ̀rọ̀ wa tò, nítorí pé èdè wa, bí ó ti lọ́rọ̀ tó nì, àwọn ibì kan wà nínú rẹ̀ tí ó lè ṣi ọmọ lọ́nà. Apá ìkẹyìn yìí ni ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a fẹ́ràn èdè wa kì í fẹ́ gbọ́, nítorí náà òun ni n ó kọ́kọ́ mú.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ kékeré yìí, "yọ́". A máa ń wí pé òrí yọ́ lórí iná, a sì máa ń wí pé iyọ̀ yọ́ nínú omi. Ọ̀rọ̀ kan ni, ṣùgbọ́n ohun méjì ni ó ṣẹlẹ̀. Òrí kò fẹ́ ju ooru lọ: ó fi ipò líle sílẹ̀, ó bọ́ sí ipò ṣíṣàn, bí ó bá sì tún tutù yóò padà sí ipò rẹ̀ àtijọ́. Iyọ̀ kò gbóná rárá. Ó fọ́n ká sínú omi títí ojú kò fi rí i mọ́, síbẹ̀ ó wà níbẹ̀, ẹnu sì ń jẹ́rìí sí i. Bí a bá fẹ́ kí iyọ̀ fúnra rẹ̀ yọ́ bí òrí ti ń yọ́, a ó ní láti mú un gbóná dé ìwọ̀n 801 lórí òṣùwọ̀n Celsius, nígbà tí ó jẹ́ pé òrí ti máa ń yọ́ tán kí ooru tó dé ìwọ̀n 50. Ọmọ tí a kò ya méjèèjì sọ́tọ̀ fún ní Yorùbá kò ní lè yà wọ́n sọ́tọ̀ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, bí èdè náà tilẹ̀ ní ọ̀rọ̀ méjì fún wọn. Ìmọ̀ràn tèmi ni pé kí olùkọ́ fi "yọ́" mọ sí ti ooru nìkan, kí ó sì máa wí pé iyọ̀ túká sínú omi. Bí ẹnikẹ́ni bá ní ọ̀rọ̀ tí ó sàn ju èyí lọ, kí ó mú un wá. Ohun tí kò dára ni kí a máa bá a lọ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo.

Ọ̀rọ̀ kejì ni "dì". Omi dì, ó di yìnyín. Epo pupa dì ní ìgbà ọyẹ́. Ẹ̀kọ dì nínú ewé. Ẹ̀jẹ̀ dì. Ẹyin tí a sè dì. Ẹ gbé yìnyín àti epo pupa sínú oòrùn, àwọn méjèèjì yóò padà ṣàn. Ẹ gbé ẹyin sísè sínú oòrùn di ọjọ́ méje, kò ní padà di ẹyin tútù. Àwọn àgbà wa mọ ìyàtọ̀ yìí dáadáa, nítorí wọ́n a máa wí pé omi ni ó dànù, agbè kò fọ́. Èyíinì ni pé àdánù kan wà tí ó ní àtúnṣe, òmíràn sì wà tí kò ní. Ọmọ tí ó bá mọ èyí ti mọ ohun púpọ̀. Ṣùgbọ́n kí olùkọ́ má ṣe dúró síbẹ̀, nítorí pé bí a bá ya ìwé sí wẹ́wẹ́, kò ní padà di odindi, bẹ́ẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ṣì jẹ́ ìwé. Ìbéèrè tí ó yẹ kí a máa bi ọmọ nígbà gbogbo ni èyí: Ohun àtijọ́ ha ni a ń wò yìí, tàbí ohun mìíràn ni ó ti dé?

Ibi tí èdè wa gbé ṣe aláìní jù ni ipò kẹta. A ní afẹ́fẹ́, a ní atẹ́gùn, a ní èéfín, a ní oru, a ní kùrukùru, ṣùgbọ́n a kò ní orúkọ kan tí ó kó gbogbo ohun tí kò le tí kò sì ṣàn bí omi pọ̀. Èyí tí ó burú jù ni pé afẹ́fẹ́ kì í sábà jẹ́ ohun kan lójú ọmọ wa àfi nígbà tí ó bá ń fẹ́. Bí ewé kò bá mì, ọmọ gbà pé kò sí nǹkan níbẹ̀. Igbá tí kò ní omi àti ọkà nínú, òfìfo ni a ń pè é. Kí olùkọ́ mú ife kan, kí ó fún àkísà gbígbẹ mọ́ ìdí rẹ̀, kí ó da ojú rẹ̀ dé, kí ó sì tì í tààrà sínú korobá omi. Kí ó fà á yọ kí àwọn ọmọ fọwọ́ kan àkísà náà. Yóò gbẹ gẹ́gẹ́ bí ó ti wà. Kí ni ó dí omi lọ́nà nínú ife òfìfo? Nígbà náà ni kí ó wá sọ fún wọn pé afẹ́fẹ́ tí ó wà nínú yàrá kan tí ó gùn ní mítà 4, tí ó fẹ̀ ní mítà 4, tí ó sì ga ní mítà 3, wúwo ju àpò sìmẹ́ǹtì kan lọ. Mo ti rí àwọn àgbàlagbà tí wọ́n kọ̀ láti gba èyí gbọ́, ṣùgbọ́n òtítọ́ ni.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí ọ̀rọ̀ ipò kẹta yìí kò fi gbọdọ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ ìwé lásán. Ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan ni a ń gbọ́ nípa ìdílé tí ó gbé jẹnẹrétọ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ nítorí àwọn olè, tí wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́rí sùn, tí ilẹ̀ sì mọ́ bá òkú. Àwọn aládùúgbò a máa wí pé ọwọ́ ayé ni. Àwọn tí ó kú náà kò ṣàì mọ̀ pé èéfín kò dára. Ohun tí wọn kò mọ̀ ni pé èyí tí ń pani nínú rẹ̀ kò ní àwọ̀, kò sì ní òórùn. Bí ojú kò bá ta wọ́n, tí imú wọn kò sì gbóòórùn, wọ́n gbà pé kò sí ohunkóhun nínú yàrá, gẹ́gẹ́ bí ọmọ ti gbà pé kò sí ohunkóhun nínú igbá. Carbon monoxide ni orúkọ apànìyàn náà, ẹ̀jẹ̀ ènìyàn a sì máa di òun mú ju bí ó ti ń di ọ́síjìn mú lọ ní ìlọ́po tí ó lé ní 200. Ẹ tún wo kẹrosíìnì àti bẹntiróòlù. Nínú ìgò, ojú lásán kò fi bẹ́ẹ̀ lè yà wọ́n. Ṣùgbọ́n oru tí ń jáde lára bẹntiróòlù ṣe tán láti gbiná níbikíbi tí ènìyàn lè gbé, àní bí òtútù bá mú un dé nǹkan bí ìwọ̀n 40 sísàlẹ̀ òdo. Kẹrosíìnì kò ní ṣe bẹ́ẹ̀ títí yóò fi gbóná kọjá ìwọ̀n 38. Oníṣòwò tí ó bu bẹntiróòlù díẹ̀ mọ́ kẹrosíìnì kí èrè rẹ̀ lè pọ̀, àti ìyá tí ó rà á sínú àtùpà, kò sí ẹni tí ó sọ fún èyíkéyìí nínú wọn ní èdè tí ó yé wọn pé kì í ṣe epo tí ń ṣàn ni ń jó, bí kò ṣe oru rẹ̀. Àwọn ọmọ tí ó jóná kò mọ̀ pẹ̀lú.

N ó wá padà sí àmì méjì tí mo sọ ní ìbẹ̀rẹ̀. Ìwé òyìnbó pe àwọn kan ní àmì ti ara, ó sì pe àwọn kejì ní àmì ti kẹ́mísírì. Ní tèmi, ọ̀rọ̀ méjì tí ó bá a mu wà nílé: ìrísí àti ìwà. Àlejò tí ó dé sí agbo-ilé yín lónìí, kíá ni ẹ ó mọ ìrísí rẹ̀, bóyá ó ga, bóyá ó pupa, bóyá ó sanra. Ìwà rẹ̀ ńkọ́? Ẹ kò lè mọ̀ ọ́n títí ẹ ó fi bá a ṣe nǹkan pọ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni irin: pé ó wúwo, pé ó ń dán, pé òòlù lè tẹ̀ ẹ́, ìrísí rẹ̀ ni, ṣùgbọ́n pé omi àti afẹ́fẹ́ yóò jẹ ẹ́ di ìpẹtà, ìwà rẹ̀ ni, ẹni tí kò sì fi í síta rí kò lè mọ̀. Mo mọ̀ pé a ó ní láti fẹ ọ̀rọ̀ "ìrísí" díẹ̀ kí ó lè gba ìwọ̀n ooru tí ohun kan fi ń yọ́ tàbí tí ó fi ń hó, nítorí pé ojú kò rí ìyẹn. Kò sí èdè tí kò fẹ ọ̀rọ̀ rẹ̀ báyìí kí ó tó fi kọ́ni ní ìmọ̀ tuntun.

Kò sì sí ibi tí a lè ti rí ìyàtọ̀ ìrísí àti ìwà tó ìdí ìkòkò ọṣẹ dúdú. Ìyá tí ń se ọṣẹ a sun èèpo kòkó di eérú, a da omi gba inú eérú náà kọjá, a sì gbé omi tí ó ro sílẹ̀. Omi yìí ń yọ̀ lọ́wọ́, ó sì ń ta ni lára. Lẹ́yìn náà ni yóò da òróró tàbí àdín sí i. Ní ìbẹ̀rẹ̀, òróró lé sókè, omi wà nísàlẹ̀, olúkúlùkù ń jẹ́ ara rẹ̀; bí a bá dáwọ́ dúró níbẹ̀, a lè ṣí òróró kúrò lórí omi kí a sì fi dín àkàrà. Ṣùgbọ́n bí iná ti ń jó tí ó sì ń rò ó, òróró ń pòórá, omi eérú ń pòórá, ohun kẹta sì ń jáde wá tí kò jọ èyíkéyìí nínú wọn. Òróró kì í túká sínú omi, ọṣẹ ń túká sínú rẹ̀. Omi eérú ń ta ni lára, ọṣẹ tí ó jinná dáadáa ń tu ara lára. Kò sí ẹni tí ó lè fún ọṣẹ kí òróró àná padà jáde. Ọmọ tí ó bá dúró ti ìyá yìí ní ọjọ́ kan ṣoṣo, tí olùkọ́ sì ń bi í léèrè ní ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan pé ohun àtijọ́ ni tàbí ohun mìíràn, kò ní nílò kí a tún kọ ohunkóhun sí pátákó fún un.

Eérú yẹn náà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Àwa ni a ń wí pé iná kú, ó fi eérú bojú, ọ̀gẹ̀dẹ̀ kú, ó fi ọmọ rẹ̀ rọ́pò. Òwe náà dára, ṣùgbọ́n kí olùkọ́ gbé igi gbígbẹ sórí òṣùwọ̀n kí ó tó dáná, kí ó sì gbé eérú rẹ̀ sórí òṣùwọ̀n lẹ́yìn náà. Ẹ̀kúnwọ́ eérú kò ní tó igi náà láéláé. Níbo ni ìyókù wà? Ó ti di oru omi àti afẹ́fẹ́ mìíràn, ó ti gba ojú fèrèsé lọ. Ọmọ tí a ti fi ife àti àkísà hàn yóò gbà á. Ọmọ tí a kò fi hàn yóò wí pé iná ti jẹ ẹ́.

Ẹ̀gẹ́ pẹ̀lú: májèlé tí ó wà nínú rẹ̀ so mọ́ ṣúgà kan. Bí a bá rin ín tí a sì jẹ́ kí ó kan, àsomọ́ náà ń já, májèlé náà sì dá dúró. Ìwọ̀n 26 péré ni òun fi ń hó, nítorí náà ó ń bá oru lọ nígbà tí a bá ń yan gàrí. Ìyá wa tí ó ní kí a fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta ní ìdí tí ó fi sọ ọ́, oníṣòwò tí ó dín ọjọ́ náà kù kò sì mọ ohun tí ó ń ṣe.

Ní ti aró, n ó dúró pẹ́ díẹ̀, nítorí pé ó kan ọ̀rọ̀ ìlú. Ewé elú kò ní àwọ̀ aró nígbà tí a já a. A gún un, a ṣù ú, a sá a. A kó o sínú ìkòkò pẹ̀lú omi eérú, a sì fi í sílẹ̀ ní ọjọ́ púpọ̀ kí ó kan. Àgbà aláró a máa wo àwọ̀ omi náà, a máa gbọ́ òórùn rẹ̀, kí ó tó ní kí a ti aṣọ bọ̀ ọ́. Nígbà tí a bá fa aṣọ jáde, kò dúdú! Àwọ̀ rẹ̀ wà láàárín ewé tútù àti ẹyẹ ìbákà. Afẹ́fẹ́ ni ó ń sọ ọ́ di aró lójú yín, ní ìṣẹ́jú díẹ̀, láti etí aṣọ wá sí àárín rẹ̀. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nìyí: aró gidi kì í túká sínú omi, nítorí náà kò lè wọ inú òwú lọ. Ìkòkò kíkan náà sọ ọ́ di ohun mìíràn tí ń túká; èyí wọ inú òwú lọ; ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ sì yí i padà, ó tún di aró tí kì í túká, ó sì há sínú òwú. Ìdí nìyí tí a fi ń fọ aṣọ aró tí aró kò fi tán lára rẹ̀. Ìwà méjì àti ìrísí kan ni ó wà nínú iṣẹ́ yìí, àwọn ìyá wa sì ń ṣe é láì wo ìwé.

Ní ọdún 1936, iṣẹ́ yìí di ọ̀rọ̀ ààfin ní Abẹ́òkúta. Sódà líle tí ń ti òkè òkun wá, caustic soda, àti aró òyìnbó ti gba ipò eérú àti elú lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ aláró, nítorí pé wọ́n yá ju ti àtijọ́ lọ. Àwọn oníbàárà sì ń ráhùn pé aṣọ ń ṣá, ó sì ń ya. Aláké ìgbà náà, Ọba Ládàpọ̀ Adémọ́lá Kejì, fi òfin de méjèèjì. Àwọn obìnrin aláró kò gbà, ọ̀rọ̀ náà sì di ti ìjọba òyìnbó àti ti ìgbìmọ̀ ìwádìí. N kò dá Kábíyèsí lẹ́bi, n kò sì dá àwọn ìyá náà lẹ́bi. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó: aró tí àwọn ará Jámánì bẹ̀rẹ̀ sí tà ní ọdún 1897, bí a kò bá lú u, ohun kan náà ni pẹ̀lú èyí tí ó wà nínú elú, kò sì sí òfin tí ó lè ya ọ̀kan kúrò lára èkejì nígbà tí ó bá ti wọ aṣọ. Sódà náà, iṣẹ́ omi eérú ni ó ń ṣe, ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ pọ̀ ju ti omi eérú lọ jìnnà, ẹni tí ó bá sì bù ú bí ẹni bu eérú yóò ba ọwọ́ ara rẹ̀ jẹ́ pẹ̀lú aṣọ. Ìwọ̀n ni ọ̀rọ̀ náà ń fẹ́, kì í ṣe ẹjọ́. Ìbá ṣe pé ẹ̀kọ́ tí mo ń wí yìí ti wà ní èdè Yorùbá fún àwọn aláró àti fún ìgbìmọ̀ ọba nígbà náà, èmi gbà pé ìbá ti yanjú ní ẹnu ọ̀nà ìkòkò.

Níhìn-ín ni mo ti yà kúrò lọ́dọ̀ àwọn kan nínú wa tí ń wí pé kò sí ohun kan nínú ìmọ̀ yìí tí àwọn baba wa kò ti mọ̀. Wọ́n a máa tọ́ka sí àwọn orí tí a hú jáde ní agbo-ilé Wúnmọníjẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní ọdún 1938, tí a fi ìda ṣe àwòkọ́ wọn kí a tó da bàbà tàbí idẹ yíyọ́ sí i. Wọ́n a sì tọ́ka sí Igbó Olókun, níbi tí ìwádìí ti fi hàn pé àwọn ará Ifẹ̀ fúnra wọn ń ṣe gíláàsì ìlẹ̀kẹ̀ láti inú ohun ilẹ̀ wọn láàárín nǹkan bí ọdún 1000 sí 1500. Òtítọ́ ni gbogbo rẹ̀, ó sì yẹ kí ọmọ gbọ́ ọ. Bàbà kì í yọ́ títí ooru yóò fi dé ìwọ̀n 1085. Ẹni tí ó mú un dé ibẹ̀ pẹ̀lú èédú àti ẹwìrì kì í ṣe ẹni tí a lè fojú rénà. Àwọn tí ń yọ irin láti inú òkúta ní agbègbè Ọ̀yọ́, tí òyìnbó kan, C. V. Bellamy, kọ̀wé nípa wọn ní ọdún 1904, iṣẹ́ tiwọn tilẹ̀ jinlẹ̀ ju ti alágbẹ̀dẹ lọ: alágbẹ̀dẹ ń yí ìrísí irin padà ni, irin sì ni láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, àwọn wọ̀nyí mú òkúta pupa, wọ́n jẹ́ kí èédú gba ọ́síjìn lọ́wọ́ rẹ̀ nínú iná, wọ́n sì mú irin jáde níbi tí irin kò sí lójú. Ṣùgbọ́n mímọ iṣẹ́ ṣe yàtọ̀ sí mímọ ìdí rẹ̀. Gíláàsì Igbó Olókun kò bá wa dé òní. Ẹ̀rọ ìwádìí ni a ní láti lò kí a tó mọ ohun tí wọ́n pò pọ̀. Kò sí ẹni tí ó kọ ìwọ̀n sílẹ̀, kò sí ẹni tí ó sọ ìdí rẹ̀ fún ẹlòmíràn yàtọ̀ sí ọmọ ilé. Ìgbéraga kì í ṣe oògùn fún irú àdánù bẹ́ẹ̀.

Ní ti ìjọba, ọ̀rọ̀ mi kò pọ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022 ni ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ìlànà pé kí a fi èdè abínibí kọ́ ọmọ ní ọdún 6 ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, Mínísítà fún ètò ẹ̀kọ́, Tunji Alausa, kéde pé a ti fagi lé ìlànà náà. Ìdí tí ó sọ ni pé fífi èdè abínibí kọ́ni ti fa ìfìdírẹmi nínú ìdánwò. Mo bọ̀wọ̀ fún ipò rẹ̀, ṣùgbọ́n n kò gbà. Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfunwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan ní gbogbo ẹ̀kọ́, sáyẹ́ǹsì pẹ̀lú, fún ọdún 6 gbáko, tí wọ́n sì ń kọ́ wọn ní èdè Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́ kan lọ́tọ̀. Wọ́n fi wọ́n wé àwọn tí a yí sí Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn ọdún 3. Àwọn ọmọ Yorùbá náà kò rẹ̀yìn. Wọ́n ṣe dáadáa ju àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn lọ, títí kan nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ìdánwò àṣejáde ṣì ń béèrè ìdáhùn ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, nítorí náà kí a kọ́ ọmọ ní àwọn ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà. N kò ní kí ẹnikẹ́ni kọ̀yìn sí i. Ṣùgbọ́n orúkọ ni a ó kọ́ ọ nígbà náà, fún ohun tí ó ti mọ̀.

Òfin kò sì sí tí ó lè dá olùkọ́ dúró kí ó má mú ọmọ 30 rìn lọ sí agbo-ilé aláró ní ọ̀sán ọjọ́ Jímọ́ọ̀. Ẹ̀yin ìjòyè ni mo ń bá wí níhìn-ín. Aláró kì í ṣí ìkòkò rẹ̀ fún ẹni tí kò mọ̀, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí baálẹ̀ tàbí ìyálóde bá ránṣẹ́ sí i, yóò ṣí i. Àwọn ìyá tí wọ́n ṣì ń fi elú àti eérú re aró kò pọ̀ mọ́, wọ́n sì ti dàgbà. Ẹ ránṣẹ́ sí wọn kí ọdún tó yí. Kí ẹgbẹ́ wa náà ra tẹmọ́mítà àti òṣùwọ̀n kékeré fún ilé-ẹ̀kọ́ tí kò ní, èyí tí kò tó owó tí a ń ná sí àga àti ìbòrí níbi àpèjẹ kan, kí a sì pe àwọn olùkọ́ jọ láti fẹnu kò lórí orúkọ kan fún ipò kẹta.

Nígbà tí ọyẹ́ bá dé, kí olùkọ́ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àdín àgbọn. Èyí tí ń ṣàn nínú ìgò ní alẹ́ àná yóò ti dì ní àárọ̀, nítorí pé nǹkan bí ìwọ̀n 24 ni ó fi ń yí ipò padà, bí òwúrọ̀ ọyẹ́ bá sì mú tó, yóò kọjá síhà ibẹ̀. Kí ó gbé ìgò náà sí ojú fèrèsé tí oòrùn ń wọ̀, kí ó fi tẹmọ́mítà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ó sì jẹ́ kí àwọn ọmọ kọ ohun tí wọ́n rí sílẹ̀ ní agogo 7, ní agogo 9, àti ní agogo 11, ní èdè Yorùbá. Kí ó má ṣe sọ ìdáhùn fún wọn kí agogo 11 tó lù.